Ìlú Lò Ń Wò, Èmi Ń Wò Ẹ́

Ọ̀sán gangan ni Sherifdeen yọjú sí ilé ìdáná wa ní Mẹ̀dínà, nígbà tí oòrùn ń yan èèyàn bí àgbàdo. Èmi àti obìnrin mẹ́ta là ń se oúnjẹ fún àwọn àlàájì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ti àwọn arúgbó lórí kẹ̀kẹ́ lọ sí mọ́sáláṣí Ànábì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti gba àyè àtiwọ ibi àdúà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Ànábì lọ́la?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá na ìwé kan sí mi. Orúkọ mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀, ti ìyá rẹ̀ àti ti ará àdúgbò wọn ní Máfolúkù. Ẹni tó bá ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí ilẹ̀ mímọ́ kò lè bọ́ lọ́wọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀, dandan ni kó pe gbogbo wọn nínú àdúà. Ọjọ́ tó kan òun ni bàbá arúgbó kan dákú mọ́ ọn lọ́wọ́, àyè rẹ̀ sì kọjá.

Mo pè wọ́n pé. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó wá ku orúkọ tìrẹ, èmi ni màá pe ìyẹn." Kí n má purọ́, ọkàn mi bọ́ sí i lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀.

Oṣù méjì la lò níbẹ̀. Tí a bá kírun ìrọ̀lẹ́ tán, a ó jókòó, a ó máa jẹ dàbínù, atẹ́gùn aṣálẹ̀ á máa fẹ́ sí wa.

A padà délé. Mo bọ́ sídìí ìkòkò ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀, òun bọ́ sídìí ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń wá kí mi, àárẹ̀ á ti bò ó. Èmi á sì bẹ̀rẹ̀: iná kì í lọ ní Mẹ̀dínà, ariwo kì í sí ní Mẹ̀dínà, omi tútù kì í tán ní Mẹ̀dínà.

"Hassanat," màmá mi ní, "bí Mẹ̀dínà bá ń wá ìyàwó, kí n kúkú di ẹrù rẹ fún un."

Inú ìyá tirẹ̀ kò dùn sí mi. Ó ní ìjọsìn lòun rán ọmọ òun lọ ṣe, òun kò rán an lọ wá obìnrin. Sherifdeen bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà pé àwọn ẹbí wọn máa wá mọ tiwa ní Sátidé.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà, ó wá, ó sùn lọ lórí àga. Mo jí i.

"Ní Mẹ̀dínà, o kì í sùn tí mo bá ń sọ̀rọ̀."

Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Hassanat, ó ti sú mi. Mi ò fẹ́ràn ìlú yẹn rí. Àwa méje là ń sùn nínú yàrá kan. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi bó. Ọjọ́ tí màá padà sílé ni mò ń kà, títí mo fi rí ẹ. Ìlú lò ń wò, èmi ń wò ẹ́."

Ó dìde. "Tó bá jẹ́ ibẹ̀ lo fẹ́, sọ fún mi lọ́la, kí àwọn ẹbí mi má wulẹ̀ wá."

Mo sunkún. Mo gbìyànjú láti rántí Mẹ̀dínà láìsí òun níbẹ̀. Ooru nìkan ni mo rí, àti ìkòkò.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ṣíwọ́ iṣẹ́, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Máfolúkù. N kò dé ilé wọn rí. Ìyá rẹ̀ jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀.

"Ìwọ ni Hassanat?"

"Èmi ni, mà."

"Ó ń sùn. Kí lo bá wá?"

"Mo wá sọ fún un pé kí ẹ máa bọ̀ ní Sátidé, mà. Òun ni mo fẹ́."

Ó kàn ti àwo ẹ̀wà náà sọ́dọ̀ mi. "Òkúta inú rẹ̀ pọ̀. Fara balẹ̀ ṣà á."

Mo ń ṣà á lọ́wọ́ nígbà tí Sherifdeen jáde, tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ó dúró, ó ń wò mí.

"Sherif, o dúró o ń wòran?" ìyá rẹ̀ ní. "Gbé àga wá fún ìyàwó ẹ."

Ó gbé e wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ṣé kò rẹ̀ ẹ́?"

"Ó rẹ̀ mí," mo ní. "Ibí ni mo ti fẹ́ sinmi."