Ọwọ́ Tó Di Orí Bíríkìlà Mú

Lórí ìkúnlẹ̀ ni aránṣọ ti kọ́kọ́ rí i, nínú ẹrẹ̀, láàárín òkìtì bíríkì tó wó. Òjò ń dà sí i lẹ́yìn, omi ń kán ní imú rẹ̀, kò nù ún. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi di orí ọkùnrin kan mú ní ilẹ̀, bí ẹni gbé ẹyin. Ọkùnrin tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin aránṣọ náà ni.

Bíríkìlà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ògiri ilé alájà mẹ́ta tó ń bá wọn mọ ló wó lù ú. Aránṣọ sáré dé tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó bá ìyá wọn níbẹ̀, tó ti káwọ́ lérí.

"Ẹ gbé e, ẹ jọ̀ọ́," ni aránṣọ wí. "Mọ́tò ti wà níbí."

"Ẹ rọra," ni ọkùnrin áńbúláǹsì tó kúnlẹ̀ náà dáhùn. "Ọrùn rẹ̀ ni mò ń ṣọ́. Tó bá yẹ̀ báyìí, ó lè má lè mí mọ́. Ẹ dúró síbi tó ti lè rí yín láì yí orí, kẹ́ ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ títí pátákó tí a ó fi gbé e yóò fi dé."

Fún ogún ìṣẹ́jú gbáko, aránṣọ ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ń fi inú bú ọkùnrin yẹn. Nígbà tí pátákó dé, wọ́n de ọrùn bíríkìlà, ènìyàn mẹ́rin ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n sì gbé e lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ara kan ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yè é. Ṣùgbọ́n láti àyà dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí a fi iná kàn án, bí a fi omi kàn án, kò mọ ìyàtọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin náà wá sí ilé ìwòsàn. Rọra ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ áńbúláǹsì ń pè é. Ó wá kọ́ aránṣọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹni tí kò lè yíra, kí egbò má bàa jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. "Bí ẹni yí ìtì igi ni. Èjìká àti ìbàdí lẹ́ẹ̀kan náà." Kò wu aránṣọ kó kọ́ ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ò wá.

Nígbà tí wọ́n gbé bíríkìlà wálé, Rọra a máa yà ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ọwọ́ àwọn méjèèjì a máa pàdé lábẹ́ ẹ̀yìn aláìsàn, kì í sì í tètè túká.

"Ara mi ni ò mọ nǹkan kan o," ni bíríkìlà wí lọ́jọ́ kan. "Ojú mi ò fọ́."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ṣòkòtò iṣẹ́ Rọra, torí orúnkún rẹ̀ kì í pẹ́ ya. "Ìkúnlẹ̀ yìí mà pọ̀," ló wí. "Ṣé iṣẹ́ lò ń ṣe àbí àdúrà lò ń gbà?"

"Iṣẹ́ ni, olólùfẹ́ mi. Àdúrà tèmi ti gbà látọjọ́ tó o ti ń lẹ ṣòkòtò mi."

Rọra lọ sọ fún ìyá wọn pé òun fẹ́ fẹ́ aránṣọ. Ìyá ò jẹ́ kó jókòó.

"O mú ọmọ mi mọ́lẹ̀ nínú òjò títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú. Èyí tó kù lo tún wá gbà?"

Rọra tẹrí ba, ó jáde. Aránṣọ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀? Dókítà ní ìwọ lo gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì là fún un."

"Ìyá ni wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n rí ẹni dá lẹ́bi."

Oṣù mẹ́rin ni Rọra kò fi tún yà. Ọjọ́ tí òtútù kọ lu àyà bíríkìlà, tí èémí rẹ̀ ń han, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wá fi áńbúláǹsì gbé e. Ó gbé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ti àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kẹta, bíríkìlà kú.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, aránṣọ ń ká aṣọ olóògbé, ìyá rẹ̀ jókòó sí etí ibùsùn tó ṣófo.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ fà á," ni ìyá wí. "Kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo di apá rẹ̀ méjèèjì mú, mo wọ́ ọ jáde lábẹ́ ògiri. Nǹkan kan ró. Ó ní, Màámi, mi ò mọ ẹsẹ̀ mi mọ́. Ọmọkùnrin yẹn rí ipa ibi tí mo ti wọ́ ọ nínú ẹrẹ̀. Ó bi mí bóyá mo fà á, mo ní rárá. Ó wò mí, kò sì tún bi mí mọ́."

Aránṣọ ju aṣọ sílẹ̀. Ó di ìyá rẹ̀ mọ́ra títí ẹkún fi rẹ àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ibi iṣẹ́ Rọra. Ó bá a níbi tó ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára pátákó.

"O mọ̀, o sì gbé ẹ̀bi náà rù fún ọdún kan?"

"Kò sẹ́ni tó lè sọ. Ògiri lè ti ṣe é kí wọ́n tó dé." Ó pa ẹ̀rọ omi. "Tí mo bá sì sọ ọ́, ọwọ́ wo ni wọn ì bá fi máa tọ́jú ọmọ wọn?"

Aránṣọ sunkún, Rọra dúró tì í.

"Màámi ní kó o wá," ló wí nígbẹ̀yìn. "Èmi náà ní kó o wá. Ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́kàn mi. Mi ò ní ẹ̀rín kankan láti fún ọ báyìí."

"Mi ò bèèrè ẹ̀rín. Ìwọ ni mo bèèrè."

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó nínú yàrá kékeré kan, láìsí ijó, láìsí àríyá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde, ìyá dúró lókè àtẹ̀gùn, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Aránṣọ fẹ́ dì í mú, ṣùgbọ́n ọkọ ọmọ rẹ̀ ni ìyá na apá sí.

"Ọmọ mi," ló wí, "dì mí mú."