Ẹni Tí Àánú Rẹ̀ Ń Ṣe Mí

Ọkùnrin kan fi síńgílẹ́ẹ̀tì wé ọwọ́ òsì wọ ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ ń kán tó-tó-tó sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Káfíńtà ni, ayùn oníná ti gé ìka rẹ̀ méjì já. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì ni pé, "Ẹ má bínú, mo ti ba ilẹ̀ yín jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ nọ́ọ̀sì lọ́kàn. Ọgbẹ́ san lóṣù kejì, síbẹ̀ káfíńtà ò yéé wá. Nígbà tó di oṣù kẹfà, tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn, wọ́n dá ọjọ́ tó máa wá kí ìyá nọ́ọ̀sì.

Ó tètè dé. Ẹnu ọ̀nà ló wà tó fi gbọ́ ohùn ìyá nínú ilé: "Ọmọ mi, láti kékeré lo ti ń gbé ẹyẹ tó ṣẹ́ lápá wálé. Ṣé ìfẹ́ lèyí, àbí àánú?"

Nọ́ọ̀sì ò tíì dáhùn tí káfíńtà fi yí padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n rí lójú fèrèsé.

Nọ́ọ̀sì pè é títí, kò gbé fóònù. Lọ́jọ́ kẹjọ, nọ́ọ̀sì gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ tòun taṣọ iṣẹ́.

"Àánú ni iṣẹ́ ẹ," káfíńtà sọ, kò gbójú kúrò lára pákó tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún wọ̀n, ọwọ́ òsì wà nínú àpò. "Mi ò dá ẹ lẹ́bi. Àmọ́ mi ò lè máa ṣe aláìsàn nínú ilé ara mi."

Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé bí òun bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó parí nìyẹn.

"Àánú ogún èèyàn ló ń ṣe mí lójúmọ́," ó ní. "Wọ́n á bú mi, màá ní kò burú. Tí wọ́n bá lọ sílé, mo ti gbàgbé wọn kí n tó bọ́ṣọ. Ìwọ, ọjọ́ mẹ́jọ ni mi ò fi rí oorun sùn. Inú ń bí mi débi pé mo fẹ́ fọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí. Ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣèèyàn, ṣé wọ́n máa ń bínú sí i tó báyẹn?"

"Kí ló dé tó ò dá Mọ́mì lóhùn?"

"Mò ń rò ó ni. Ṣé kí n sáré parọ́ fún ìyá mi ni? Ìwọ lo yára sá, Oníka-mẹ́jọ."

Káfíńtà gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó tíì fi ọwọ́ yẹn dápàárá rí. Ìyá tó bí i gan-an, ńṣe ló máa ń wo ibòmíì. Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá yọ ọwọ́ náà látinú àpò, ó nà án sí i.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ, màá sì máa bá ẹ jà. Wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ, ká lọ dá Mọ́mì lóhùn."