Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Adébíyìí

Àárọ̀ Sátidé kan ni Adébíyìí kọ́kọ́ yọ sí Àràmídé, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún wú bí ẹni tí òkèlè ẹ̀bà há sí lẹ́nu. Ó fi áńkáṣíìfù bò ó, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ bò? Ẹ gbà mí, ẹ̀gbẹ́ ojú kejì rẹwà o! Àràmídé ni dókítà eyín ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Elekahia. Inú rẹ̀ dùn pé ìbòmú bo ẹ̀rín òun.

“Oga, abeg siddon,” ni Nọ́ọ̀sì Eunice wí.

Ó jókòó, ó yanu díẹ̀. Ìyẹ̀fun kún inú ihò eyín rẹ̀ kan.

“Kí lẹ rọ síbẹ̀?”

“Kápúsù ni, Dókítà. Mo tú u, mo dà á síbẹ̀. Ṣebí gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.”

“Gbogbo èèyàn ọ̀hún náà ló ń wá bá mi níbí.”

Ibà ń ṣe é, kò sì sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Eéwo ló so sí ìdí eyín. Àràmídé gún un lábẹ́rẹ́ kó má bàa mọ ìrora, ó la ibẹ̀, ọyún tú jáde. Ó kọ oògùn fún un.

“Ìrora á lọ, ṣùgbọ́n inú eyín yẹn ti kú. Ẹ padà wá ní Tọ́sìdeé ká tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀, àbí ká yọ ọ́. Bí ẹ ò bá wá, á tún wú. Bó bá sì wú dé ọrùn, èémí lè má ṣeé mí mọ́.”

Ní Tọ́sìdeé, ó wá lóòótọ́. Bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan ló gbé wá!

“Ara mi ti yá,” ó ní. “Ẹ̀yin ni mo wá wò.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Yorùbá Ìjẹ̀bú rẹ̀ ń dùn létí Àràmídé nílùú òkèèrè yìí tí Pidgin ti gba gbogbo ẹnu. Àràmídé ra búrọ́ọ̀ṣì fún un, ó ní kó fọyín láàárọ̀ àti kó tó sùn, kó sì dín mínírà kù.

“Dókítà mi, ṣé o ò ní fòfin de ìfẹnukonu náà?”

“Ìyẹn wà lábẹ́ àyẹ̀wò.”

Nígbà tí Àràmídé bi í nípa eyín, ó ní òun ti lọ yọ ọ́ nílé ìwòsàn kan ní Alakahia, pé ojú ń ti òun kí olólùfẹ́ òun gbọ́ igbe òun. Àràmídé gbà á gbọ́. Dókítà gidi, kò sọ pé yanu kí n wò ó! Àbúrò bàbá Àràmídé ló fi irú eéwo yẹn pamọ́ títí ó fi pa á. Ó ti sọ fún Adébíyìí pé, “Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mi ò lè fẹ́ ẹni tó ń fi àìsàn pamọ́ fún mi.”

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé, ní ilé bàbá Àràmídé ní Eliozu. Àràmídé wà ní yàrá, ó ń yọjú lẹ́yìn kọ́tìnnì, nítorí wọn ò tíì pè é. Adébíyìí fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

“Dúró ná,” ni Bàbá Adésànyà, bàbá Àràmídé, wí. “Kí ló ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ?”

Háà! Ó ti wú padà.

“Agbọ́n ló ta á, sà,” ni ẹ̀gbọ́n bàbá Adébíyìí sáré dáhùn.

Àràmídé na etí. Bí Adébíyìí bá fara mọ́ irọ́ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti parí.

“Irọ́ ni, sà,” ni Adébíyìí fi ẹnu wíwú sọ. “Eyín ni. Ẹ̀rù bà mí, mi ò yọ ọ́, mo wá purọ́ fún ọmọ yín.”

Ìyàwó tí wọn ò tíì pè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde síta, inú ń bí i, àánú sì ń ṣe é.

“Ṣé o lè gbé itọ́ mì?”

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ó yá, ká lọ sílé ìwòsàn.”

Nígbà tí wọ́n fi padà dé, eyín ti jáde, òwú wà lẹ́nu ọkùnrin.

“Àràmídé,” ni bàbá rẹ̀ wí, “ìwọ ló purọ́ fún. Ṣé ká gba iṣu tí wọ́n gbé wá, àbí ká dá a padà?”

Àràmídé yíjú sí Adébíyìí.

“Ẹni tó sọ òótọ́ lójú ẹbí méjèèjì, á lè sọ ọ́ létí èmi nìkan. Ẹ gbà á, Bàbá.”

Omi bọ́ lójú Adébíyìí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àràmídé.

“Èèwọ̀!” ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ké. “Ọkọ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó!”

Kò dìde, àfìgbà tí Àràmídé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó dì í lápá mú, tó sì mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.