Fìtílà Ọ̀sán Gangan

Ọ̀sán gangan ni Màmúdù kọ́kọ́ rí Hùmúàní. Àmù tuntun wà lórí rẹ̀, kò fọwọ́ dì í mú, ó rọra bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá àlejò kan, ó sì fẹ́ fìtílà tó ń jó níbẹ̀ pa.

"Ta ló ní kí o pa fìtílà wa?"

"Ẹ má bínú. Àbí oòrùn lẹ ń ràn lọ́wọ́ ni?"

Màmúdù fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Láti ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ kò sí níbòmíràn mọ́.

Ilé àlejò Àbdùlkàrímù, bàbá Màmúdù, ni àwọn oníṣòwò awọ àti obì máa ń dé sí. Ọdún kẹrin nìyí tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé kẹrosíìnì wá sí Ìlọrin. Yàrá méjìlá ló wà nílé náà, kò sí fèrèsé lára ọ̀kan, fìtílà sì ń jó nínú gbogbo wọn tọ̀sán-tòru, àlejò ìbáà wà, kó má wà. Baba ti ta ẹṣin rẹ̀ nítorí epo. Bí nǹkan bá ń lọ báyẹn títí òjò ọdún náà fi parí, ilé àlejò yóò tilẹ̀kùn. Màmúdù mọ̀, kò lè sọ.

Àmù ló sáà ń rà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Nígbà tó di ẹ̀karùn-ún, Hùmúàní wò ó lójú.

"Odò lẹ fẹ́ gbé wọlé ni?"

"Ẹni tó mọ àmù ni mo fẹ́ gbé wọlé."

"Ẹni tó mọ àmù kò lè gbélé tí wọ́n ti ń fi epo ṣòfò."

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ wà ńbẹ̀. Màmúdù tú ọ̀rọ̀ ilé wọn sílẹ̀ fún un pátá.

Hùmúàní kì í ṣe ẹni tí ń gbọ́ ìṣòro kó káwọ́ lẹ́rán. Amọ̀kòkò Òkèlele ni. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ jábọ́ nínú iná pọ̀ lẹ́yìnkùlé wọn. Ó kó mẹ́fà wá, Màmúdù sì dá ihò sára ògiri. Mẹ́ta ni ó fi amọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri tó la yàrá méjì-méjì láàárín, ó fi ẹfun kun inú wọn, kí fìtílà kan lè mọ́lẹ̀ sí yàrá méjì. Ó fi mẹ́ta yòókù sí ògiri ìta, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹnu iṣẹ́ náà ni Baba ti ìrìn àjò dé bá wọn. Bí Màmúdù ti ní Hùmúàní ni òun fẹ́ fẹ́, Baba yarí kanlẹ̀.

"Ahun kò níí wọ ilé àlejò mi! Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ìlú yìí, ilẹ̀kùn ilé mẹ́ta ni mo kàn, gbogbo wọn ṣókùnkùn. Inú òjò ni mo sùn. Mo sì búra pé àlejò kankan kò níí bá ilé tèmi lókùnkùn láé."

Hùmúàní kúnlẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀, ó ní, "Baba, àlejò lẹ búra fún. Ẹ ò búra fún ẹní tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀."

"Jáde!"

Ó dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ fún Màmúdù pé, "Mi ò níí sá fún yín, mi ò sì níí bá yín sá lọ. Ẹ fi han Baba pé òótọ́ ni mo sọ."

Màmúdù lọ bá bàbá rẹ̀, ó ní kí ó jẹ́ kí òun máa bójú tó fìtílà. Baba gbà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àlejò kan ṣoṣo bá bá ilé lókùnkùn, Màmúdù yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé. Láti ìgbà náà, yàrá tí àlejò wà nìkan ló ń tanná sí. Epo tí ìyókù ìbá mu, ó ń rọ ọ́ sínú agolo lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni Baba kò fi bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá kí i, Baba a yíjú. Kò bèèrè ibi tí epo ń lọ, ẹni tó yíjú kì í ríran. Ó dun Màmúdù wọra, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Òjò wá le. Àgbàrá gbé ojú irin lọ lápá kan, ọkọ̀ kò sì dé fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Kẹrosíìnì tán nílùú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ti kírun mọ̀gàríbì tán, oníṣòwò awọ mẹ́sàn-án dé látòkè Ọya, òjò ti pa wọ́n, wọ́n rin gbingbin. Gbogbo ilé àlejò tí wọ́n kọjá ló ṣókùnkùn. Baba jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó rò pé epo ti tán nílé òun náà, ó di ojú rẹ̀ nítorí ìtìjú. Nígbà tó máa là á, fìtílà kan ń jó lẹ́nu ọ̀nà, mẹ́ta nínú ìkòkò, yàrá mẹ́fà sì mọ́lẹ̀ kedere.

"Màmúdù," Baba ní, "níbo lo ti rí epo?"

"Nínú yàrá tí kò sí èèyàn ni, Baba."

Baba sunkún. Kò fi pa mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn lọ sí Òkèlele. Hùmúàní kúnlẹ̀ kí i, amọ̀ dé ìgbúnwọ́ rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Mo pè ọ́ láhun, ìwọ lo sì bá mi pa ìbúra mi mọ́. Forí jì mí. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ ni mò ń lọ báyìí, mo wá tọrọ rẹ fún ọmọ mi."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n so yìgì. Oòrùn mú ganrínganrín nígbà tí wọ́n sin ìyàwó dé yàrá rẹ̀. Ó ṣí ìbòrí, ohun tó kọ́kọ́ rí ni fìtílà tó ń jó geere. Ojú ń ti ìyàwó, ó fẹ́ mú un mọ́ra. Kò lè mú un mọ́ra. Ó fẹ́ ẹ pa.

Ẹ̀rín bú lẹ́nu ọ̀nà. Baba ni, òun ló tan fìtílà náà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí èjìká Màmúdù.

"Òun náà ni!" ni Baba wí. "Ẹ̀rù ti ń bà mí kí wọ́n má lọ mú ẹlòmíràn wá fún wa."