Ẹ̀wù Baba Sulemana

"Ẹ̀wù Baba Sulemana ni kí o lọ yá," Tíṣà Akínlẹ́yẹ wí. "Bí àwọn èèyàn bá ti rí i, wọ́n á mọ̀ pé oṣó dé."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Jùwáíríyà kò rẹ́rìn-ín. Òun ni yóò ṣe oṣó apọmọjẹ nínú eré ilé ìwé. Bó bá ṣe é dáadáa, wọn yóò mú un lọ sí Accra fún ìdíje. Kò dé Accra rí.

"Sà, nínú ìwé òyìnbó tí a kà, oṣó ló ń kọ́ àwọn ọmọdé. Kí ló dé tí a fi ń sọ tiwa lókùúta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pa ìtàn rẹ̀ láti ayébáyé."

Tahir, ọmọ kíláàsì wọn, dá sí i. "Ti òyìnbó ní fìlà ṣóńṣó. Tiwa ní ojú kan!"

Ojú kan ni Baba Sulemana ní. Aránṣọ ni, ní àdúgbò Tishigu. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé àwọn Jùwáíríyà. Nítorí ojú yẹn ni wọ́n ṣe ń pè é lóṣó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan ju òkúta lu ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nígbà tí Jùwáíríyà lọ yá ẹ̀wù, Baba Sulemana yọ fúgù tó dára jù fún un, ẹ̀wù òfì aláró. "Ọba lo fẹ́ ṣe, àbí?"

Jùwáíríyà wolẹ̀. "Àgbà kan ni, Baba."

"Má jẹ̀ẹ́ kó ya o."

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún. Tahir àti àwọn yòókù ń ju òkúta tí wọ́n fi bébà ṣe lù ú. Ó kù kó ṣubú, kó sì jẹ́wọ́.

"Ẹ̀wù Sulemana nìyẹn!" ẹnìkan kígbe láàárín èrò. "A ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé oṣó ni!"

Jùwáíríyà mọ̀ pé òkúta tí wọn yóò jù lu Baba lọ́la kò ní jẹ́ bébà. Ó dúró ṣánṣán.

"Ṣubú!" Tíṣà wí lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Mi ò ní ṣubú." Ó kọjú sí èrò. "Ẹni tó ni ẹ̀wù yìí ló rán yunifọ́ọ̀mù wa. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ lókùúta, kó kọ́kọ́ bọ́ aṣọ tó rán fún un!"

Tahir wo ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Bébà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nafisa, ọmọ kíláàsì wọn mìíràn, ni wọ́n mú lọ sí Accra dípò rẹ̀.

Jùwáíríyà fọ ẹ̀wù náà, ó dá a padà. "Baba, mo parọ́ fún yín. Oṣó ni wọ́n ní kí n fi ṣe. Wọ́n ní kí n ṣubú."

Baba ń yẹ ojú rírán ẹ̀wù wò. "Ṣé o ṣubú?"

"Rárá, sà."

"Abájọ tí kò fi ya."

Èèyàn ló pa ìtàn oṣó. Èèyàn náà ló lè yí i padà, bí kò bá bẹ̀rù ohun tí yóò pàdánù.