Oògùn Èṣí Lórí Àjà

Ọdún kẹrin lẹ́yìn òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé ni, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò jọ ọjọ́ ibi rárá. Ògúntúndé, àgbẹ̀ ará Towé, ti so àdá mọ́ kẹ̀kẹ́, ó fẹ́ lọ sóko. Ó gbọ́ tí Tẹjúmádé ìyàwó rẹ̀ ń húkọ́. Ara obìnrin náà gbóná.

"Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu lọ sí Pobè," ni ọkọ wí. "Oògùn ẹsẹ̀ rẹ ti èṣí ṣì kù."

Lóòótọ́, egbò ẹsẹ̀ Tẹjúmádé ti kẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Lucien, olùtọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Pobè, fún un ní tẹtirasikílìn, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, ó ní kó lò ó tán. Lọ́jọ́ kẹta tí egbò ń gbẹ, Ògúntúndé gba ìyókù, ó dà á sínú agolo, ó gbé e sórí àjà lókè ààrò, níbi tí irúgbìn àgbàdo rẹ̀ wà. Ṣebí èéfín kì í jẹ́ kí irúgbìn bàjẹ́? Ọlọ́gbọ́n ọkùnrin! Ooru se oògùn náà fún ọdún kan gbáko, títí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ fi dúdú. Òun náà ló wá fún aya rẹ̀ lò sí ikọ́ yìí fún ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Tẹjúmádé ń bì, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń tọ̀ ṣáá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Ọkọ gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó sáré gbé e dé ọ̀dọ̀ Lucien.

Lucien wo inú agolo, ojú rẹ̀ yí padà. "Bàbá, oògùn yìí ti bàjẹ́. Tó bá ti rí báyìí, kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Ta ló fún wọn?"

"Ọwọ́ rẹ ni mo ti gbà á, Mùsé, ọ̀gá mi."

"Èṣí nìyẹn. Mo ní kí wọ́n lò ó tán, mi ò ní kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fa omi sí wọn lára, ká tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́."

Ó mú abẹ́rẹ́. Ògúntúndé rí abẹ́rẹ́ náà, ojú rẹ̀ ranko. "O fún un ní májèlé, o tún fẹ́ gún un kó lè tètè kú."

Ó sáré jáde, ó fa àdá yọ lára kẹ̀kẹ́, ó padà wọlé. Ó ṣá tábìlì, ìgò omi fọ́ yángá. Ó tún ṣá lẹ́ẹ̀kejì, ó bá ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Lucien, iṣan já, ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Lucien ṣubú, Ògúntúndé ń ta á nípàá ní ìhà. Àwọn ọkùnrin tó wà níta ya wọlé, wọ́n fi igi lu Ògúntúndé títí eyín rẹ̀ méjì fi jábọ́. Tẹjúmádé wà lórí ẹní, ó ń wí fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ó tó. Ẹ fún mi lómi." Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí a ṣe ń fa omi síni lára níbẹ̀, òun náà ló ń fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú yẹn. Tẹjúmádé kú nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, kí wọ́n tó dé Sakété.

Àwọn àgbà ní ìbínú kò ṣe nǹkan fúnni. Ìka Lucien kò ká mọ́. Nílé ẹjọ́, wọ́n bi Ògúntúndé bóyá ó ní ohun tí yóò sọ. Ó ní òun rò pé ìtọ́jú lòun ń ṣe fún ìyàwó òun. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n.

Ẹ̀yin ará, iye ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín ni kí ẹ fi lo oògùn, kì í ṣe títí ara yóò fi yá díẹ̀. Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ dá a padà. Ẹ má fi ti àìsàn kan wo òmíràn. Ẹ má fún aboyún tàbí ọmọ kékeré ní tẹtirasikílìn, yóò pa àwọ̀ eyín ọmọ dà. Bí ara aláìsàn bá sì burú sí i, ẹ sọ gbogbo ohun tó lò fún olùtọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀.