Ẹni Tó Hun Okùn Ni Yóò Kọ́kọ́ Rọ̀ Mọ́ Ọn

Oyèwọlé jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń hun okùn ọkọ̀, létí omi lẹ́yìn Olódì-Apápá. Ó tú orí okùn ọ̀rá aláwọ̀ aró kan sí fọ́nrán mẹ́ta, ó fi iná yọ́ ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà fọ́nká, ó sì tẹ okùn náà bọ̀ sẹ́yìn kó lè di ojú ńlá tí wọn yóò fi kọ́ mọ́ òpó. Ó mú igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń la okùn. Igi náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"O ń ṣe bí ẹni tó jí ẹja," ni Ebiere wí.

Ọmọbìnrin náà jókòó níwájú rẹ̀, ó fi aṣọ gbé apá òsì rẹ̀ tí wọ́n fi POP dì kọ́ ọrùn. Oyèwọlé kò lè wo apá náà. Òun ló jẹ́ kó ṣẹ́.

"Ebiere, jẹ́ kí ọ̀gá bá ẹ ṣe é."

"Bàbá mi ò rán mi sí ọ̀gá. Ìwọ ló ní kí o ṣe é. Bí okùn yìí ò bá dé ẹnu ọkọ̀ òun lónìí, ó ní kí n má dárúkọ rẹ nílé òun mọ́."

Ebimobowei ni bàbá Ebiere, òun ló ń fi ọkọ̀ gbé àwọn òṣìṣẹ́ kọjá sí Snake Island. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, kì í sì í yẹ̀.

Nítorí okùn ọkọ̀ bàbá yìí náà ni Oyèwọlé àti Ebiere ṣe mọra. Ebiere wá gba okùn lọ́jọ́ kan, ó yí ojú okùn náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ ò ta á ní kókó. Kí ló dé tí kì í fi í tú?"

Kò sẹ́ni tó bi Oyèwọlé ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi hàn án bí àwọn fọ́nrán náà ṣe ń gba abẹ́ ara wọn kọjá. "Bí o bá ṣe ń fà á tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa di ara wọn mú tó."

"Bíi tọkọtaya tó ń jà," ni Ebiere wí, ó bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń pe ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ń pè é.

Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n ń gbé kò ní òkè. Kọntéínà tí wọ́n tò lé ara wọn ní Apápá lòkè tí ọmọ ibẹ̀ mọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí ètè gbogbo ènìyàn ń là, Ebiere ní, "Ọ̀rẹ́, mú mi lọ gun òkè."

"Nínú ọyẹ́ yìí?"

"Ṣé kí n dúró de òjò, kí àpáta máa yọ̀ ni?"

Wọ́n gba abúlé ìyá Oyèwọlé lọ, lápá Abẹ́òkúta, níbi tí àpáta kan wà tó máa ń gùn ní kékeré.

Ṣọ́ọ̀bù wọn ní òfin kan: ẹni tó hun okùn ni yóò kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ ọn. Okùn kankan kì í jáde níbẹ̀ àfi bí ẹni tó hun ún bá ti so ó mọ́ igi àjà, tó fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ sórí rẹ̀. Ọ̀gá wọn a máa sọ pé, "Bí o bá rẹ́ okùn jẹ, ìwọ ni kó kọ́kọ́ jù sílẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò náà, Oyèwọlé hun okùn kan kíákíá. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ki àwọn fọ́nrán bọ abẹ́ ara wọn. Ìyẹn tó fún okùn òwú, ṣùgbọ́n okùn ọ̀rá tuntun a máa yọ̀, ó fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oyèwọlé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń kánjú ni.

Kùrukùru ọyẹ́ bo gbogbo orí òkè. Wọ́n gba inú koríko gbígbẹ, wọ́n ń fi ọwọ́ àti orúnkún rákò lórí àpáta títí wọ́n fi dé ibi kan tó dúró ṣánṣán. Oyèwọlé gba inú ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn ún, ó fi ojú okùn kọ́ ìdí igi kan lókè, ó ju ìyókù sísàlẹ̀. Ó yẹ kó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn.

"Ó ti yá! Mò ń bọ̀!" ni Ebiere kígbe láti ìsàlẹ̀. "Ya fídíò mi, kí n fi han bàbá mi!"

Ẹ̀rín rẹ̀ dùn mọ́ Oyèwọlé. Ó yọ fóònù. Inú fóònù náà ló ti rí fọ́nrán àkọ́kọ́ tó yọ, lẹ́yìn náà èkejì, lẹ́yìn náà, kò rí Ebiere mọ́.

Ibi tó ti ṣubú kò ga púpọ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ló fi gúnlẹ̀. Oyèwọlé pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó ń sunkún. Ebiere ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: "Apá ni, olólùfẹ́ mi, kì í ṣe orí."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó gún un lọ́kàn ju èébú lọ.

Nígbà tó rí àwọn òbí Ebiere tí wọ́n ń sáré bọ̀ ní ọsibítù, ó yọ́ gba ẹ̀yìn jáde. Kò lọ kí wọn. Ebiere pè é, pè é, kò gbé e. Ó fi iṣẹ́ okùn sílẹ̀, ó ń ru ẹrù ní Warehouse Road. Ràdíátù, ìyá rẹ̀, sọ ọ́ sí i lójú: "Ọmọ ará odò lo gbé gun òkè, o dá a lápá, o ò tún lọ kí wọn? Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn?"

Láàárín àpò ìrẹsì ni Ebiere ti wá bá a láàárọ̀ yìí, tó fi ọwọ́ kan tó kù gbá a lẹ́wù mú wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé o ò bínú sí mi ni?" ni Oyèwọlé bi í, ojú rẹ̀ wà lára okùn.

"Mo bínú gan-an. Kì í ṣe nítorí apá. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi náà ń wò ó. Ó ní okùn wo ni kì í yọ̀? Ẹni tó ń sá lòun ò lè fọmọ fún."

Oyèwọlé tún igi náà mú. Ó la okùn, ó ki fọ́nrán bọ ọ́, ó fà á le. Ó kọjá mẹ́ta, ó kọjá iye tí ọ̀gá ń fẹ́, kò dúró. Ó fi òòlù onígi lù ú títí ó fi jókòó dáadáa. Igi náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé okùn náà dé èbúté, Ebimobowei ti dúró lórí pákó. Oyèwọlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku ọyẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo jẹ̀bi apá rẹ̀. Mo tún jẹ̀bi pé mi ò wá kí yín. Ojú ló ń tì mí."

Bàbá náà nawọ́ sí okùn náà. "Dat your shop get law. You sabi am?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Oyèwọlé dìde, ó fi ojú okùn kọ́ ẹnu igi tó yọ síta lórí omi, ó di okùn mú, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pákó. Omi dúdú wà lábẹ́ rẹ̀. Okùn náà dún lẹ́ẹ̀kan, ó le sí i, ó dúró.

"Stay dia small," ni Ebimobowei wí.

Apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Òógùn ń ṣàn sí i lójú nínú ọyẹ́. Kò bẹ̀bẹ̀.

"Pàpá, ó ti tó!" ni Ebiere ké.

Bàbá náà rọra di okùn mú lókè ọwọ́ Oyèwọlé, ó sì fi gbogbo ikùn ńlá rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń mì dirodiro bí ẹja tí wọ́n sá. Ebiere rẹ́rìn-ín títí ó fi di apá rẹ̀ mú. Kò sí fọ́nrán kan tó sún.

Ebimobowei fi okùn náà so ọkọ̀ rẹ̀. Atẹ́gùn fa ọkọ̀, okùn gbà á.

"Your mama still dey?"

"Wọ́n wà, sà."

"Tell am make she come on Sunday. I go dey house."

Ó wọ inú ọkọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ebiere jókòó ti Oyèwọlé lórí pákó, ó gbé apá tó wà nínú POP lé e lórí itan. Ó wúwo. Ẹ̀bi náà kò tíì lọ. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, Oyèwọlé wo apá náà, kò gbójú kúrò.